Kò sí ìdajì ńlá: Bí òbí ṣe lè fi àkàrà, obì àti gàrí kọ́ ọmọ kékeré ní ìṣirò ìdá

Bí ìyá kan bá ra àkàrà kan ṣoṣo bọ̀ láti ọjà Mọ́níyà, tó gbé e fún ọmọ méjì pé kí wọ́n pín in, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀ bí kò bá fi òfin lélẹ̀. Òfin náà kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n agbo ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n kò pọ̀: àbúrò ni yóò pín in, ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mú. Àbúrò tó bá bu apá kan tóbi ju èkejì lọ ti mọ ẹni tí yóò gbé apá ńlá náà lọ. Nítorí náà ni yóò ṣe fi ojú wọn àkàrà náà dáadáa, yóò yí i síhìn-ín, yóò yí i sọ́hùn-ún, yóò fi èékánná sàmì sí àárín rẹ̀ kí ó tó bù ú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, kò tíì mọ nọ́ńbà kọ tán, síbẹ̀ ìṣirò tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ìdá ló ń ṣe yẹn.

Ìdá ni ìṣirò ohun tí kò pé odindi: ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ òbí ní àwọn abúlé tó wà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ló gbà pé ìṣirò àwọn ọmọ ńlá ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì kìn-ín-ní gan-an ni ọmọ ti ń pàdé ìdajì àti ìdámẹ́rin. Bí ó bá dé kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wọn yóò ní kí ó máa ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá, kí ó máa yọ ìdá kúrò lára ìdá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìṣirò, tí bàbá yóò sì máa sọ pé orí ọmọ òun kò gbé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹjọ́ orí. Wọ́n kàn fò kọjá ìdí ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ tó mọ àkàrà pín dọ́gba yóò dé ilé ìwé, olùkọ́ yóò kọ 1/2 sójú pátákó, yóò ní ìdajì nìyẹn. Ojú ọmọ kò rí ìdajì kankan níbẹ̀. Ení àti èjì ló rí, tí wọ́n fa ìlà sí wọn láàárín. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ yóò kọ 1/4. Ọmọ náà yóò ro ó pé nígbà tí mẹ́rin pọ̀ ju méjì lọ, 1/4 gbọ́dọ̀ pọ̀ ju 1/2 lọ. Ẹ kò lè bá a wí. Láti ọjọ́ tó ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé nọ́ńbà tó bá wà níwájú ló pọ̀ jù.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan, kì í sì í ṣe ti ará oko. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1980 sókè, ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní A&W gbìyànjú láti bá McDonald's dù ú nídìí ọjà. Búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí McDonald's ń tà ní ẹran tó wọn ìdámẹ́rin pọ́n-ùn nínú, ìyẹn pọ́n-ùn ti orí òṣùwọ̀n, kì í ṣe ti owó. A&W wá gbé tiwọn jáde, ìdámẹ́ta pọ́n-ùn ni ẹran inú rẹ̀, iye owó rẹ̀ kò sì ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn kò rà á. Alfred Taubman, tó ni ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe jáde ní ọdún 2007 pé nígbà tí wọ́n wádìí, ó lé ní ìdajì nínú àwọn oníbàárà tí wọ́n bi léèrè tó rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ ni. Èrò wọn ni pé mẹ́ta kéré sí mẹ́rin, nítorí náà ìdámẹ́ta gbọ́dọ̀ kéré sí ìdámẹ́rin. Àgbàlagbà tó ń wa mọ́tò, tó ń san owó orí, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé e wá sílé. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Lálúpọn kan yàn, yálà kí wọ́n pín iṣu kan fún èèyàn mẹ́ta tàbí kí wọ́n pín in fún èèyàn mẹ́rin, tí òun náà sì wà nínú wọn, yóò ha pẹ́ kó tó dáhùn bí? Ó mọ̀ pé bí ẹnu bá ṣe ń pọ̀ tó ni òkèlè ṣe ń kéré tó. Ìmọ̀ yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan bá a so ó mọ́ 1/3 àti 1/4 tó wà lójú pátákó.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ pe ìdámẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó ń lò kò yàtọ̀ sí èyí tó ń lò fún ẹni tó gbé ipò kẹta, tí ọmọ kò fi ní mọ èyí tí wọ́n ń wí. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdámẹ́ta: wọ́n dá a, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì dá a sí. Ìdámẹ́rin, ìdámárùn-ún, ìdámẹ́wàá, bákan náà ni. Ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe sí odindi náà. Àwọn ará Gánà tó ń sọ èdè Akan náà ní irú rẹ̀. Àwọn ará wa tó dáko kòkó lọ́hùn-ún kí ìjọba Busia tó lé àjèjì kúrò ní òpin ọdún 1969 kò ní gbàgbé abusa àti abunu: nínú abusa, wọ́n pín kòkó sí ọ̀nà mẹ́ta, alágbàro mú ìdá kan, nínú abunu, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Iye tí wọ́n pín in sí wà nínú orúkọ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan ti yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 1999, Irene Miura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kéékèèké ní Kòríà, Croatia àti Amẹ́ríkà. Èdè Kòríà máa ń pe ìdámẹ́ta ní nǹkan tó jọ “nínú apá mẹ́ta, ọ̀kan”. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ Kòríà ń mọ àwòrán tó bá ìdá kan mu ṣáájú kí ilé ìwé tó kọ́ wọn rárá, wọ́n sì ju àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè méjì yòókù lọ. Èrò àwọn olùwádìí náà ni pé èdè wọn ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìdá ti Yorùbá jìnnà sí ti wọn.

Ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà náà o, ó sì yẹ kí olùkọ́ àti òbí mọ̀ ọ́n. Ìdámẹ́ta yàtọ̀ sí ìdá mẹ́ta. Bí ẹ bá gé iṣu sí ọ̀nà mẹ́rin, tí ẹ mú mẹ́ta níbẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lẹ mú, ìyẹn 3/4. Bí ó bá jẹ́ ìdámẹ́ta iṣu lẹ mú, 1/3 ni. Ohùn ẹnu kò fi bẹ́ẹ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ọmọ tó bá yára lè gbé ọ̀kan pe èkejì. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa pè é tán pátápátá: “ìdá kan nínú mẹ́ta”, “ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin”. Nígbà tó bá ti mọ́ ọmọ lára tán ni kí ẹ tó gé e kúrú. Ẹni tó bá pè é báyìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sójú ìwé ná: ìdá kan, òun ni nọ́ńbà orí ìlà, nínú mẹ́ta, òun ni nọ́ńbà abẹ́ ìlà.

Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan ní ilé ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, àjọ Ford Foundation sì fi owó tì í. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún 6 gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ kejì fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún 3, wọ́n wá bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìṣirò ní Yorùbá kò sí nígbà náà, àwọn ni wọ́n jókòó kọ ọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí ní 1978, àwọn ọmọ ọlọ́dún 6 kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tayọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, ìṣirò wà lára wọn. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010.

Láti 1977 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé, pàápàá àwọn aládàáni, kò náání rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó di ọdún 6. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí wọ́n fi yí i padà: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ láti kékeré lọ. Ó ní àwọn ẹkùn tó ń lo èdè abínibí ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ lè ní ìbéèrè láti bi í, ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ. Ohun tó kan òbí abúlé níbẹ̀ ni pé bí ọmọ yóò bá gbọ́ ìdámẹ́ta lẹ́nu ẹnikẹ́ni kí ó tó gbọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ilé ló kù tí yóò ti gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà sì wà nílé. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Owó tí wọ́n ná ní kékeré kún fún ìdá. Kọ́bọ̀ méjìlá ló wà nínú ṣílè kan nígbà náà, nítorí pé kọ́bọ̀ la ń pe pẹ́nì. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, ìdámẹ́rin ṣílè. Sísì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà, ìdajì ṣílè. Ọ̀nínì ni ìdámẹ́wàá kọ́bọ̀. Náírà tí a ń ná lónìí pàápàá, ìdajì ni nígbà tó dé: ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà méjì ni wọ́n fi gba pọ́n-ùn kan. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, ìyẹn ẹgbàáwàá owó, jẹ́ ṣílè márùn-ún, ìdámẹ́rin pọ́n-ùn. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nínú rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, tí apá Akánrán gbóná janjan, tí wọ́n ní àwọn kò ní san owó orí ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ, kò sí ẹni tó nílò ìwé kó tó mọ̀ pé ọgbọ̀n ṣílè ni, pọ́n-ùn kan ààbọ̀. Bàbá àgbà tó bá ka owó àtijọ́ yìí fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìdá, kò sì ní sun ún.

Kódà iye kíkà wa ní ìdajì nínú. Àádọ́ta ni ogún mẹ́ta tó dín ẹ̀wá, ẹ̀wá sì ni ìdajì ogún. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni igba mẹ́ta tó dín ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún sì ni ìdajì igba. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni ẹgbàá mẹ́ta tó dín ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún ni ìdajì ẹgbàá. Àwọn baba wa kì í ka nǹkan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìkan; wọ́n máa ń gbé odidi ńlá kalẹ̀, wọn a sì bu ìdajì kúrò lára rẹ̀. Helen Verran, ará Ọsirélíà tó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ìparí 1970 wá, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2001. Ó rí olùkọ́ kan tó ní kí àwọn ọmọ fi okùn wọn ara wọn, kí wọ́n wá wé okùn náà mọ́ káàdì kékeré kan, kí wọ́n ka iye ìgbà tó yí i ká. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ olùkọ́ náà ní kó ṣe é, ẹ̀rín sì fẹ́ pa obìnrin náà lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ lóye rẹ̀ wàràwàrà. Ohun tó kù tí kò yí káàdì náà ká tán ni yóò di ìdá.

Nílé, obì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, nítorí pé Ọlọ́run ti pín in ná. Gbànja awẹ́ méjì ni. Àbàtà sábà máa ń jẹ́ awẹ́ mẹ́rin. Kí ọmọ la gbànja, kí ó mú awẹ́ kan: ìdajì. Kí ó la àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin, kí ó mú ọ̀kan: ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ bi í bóyá àwọn awẹ́ náà dọ́gba lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀kan máa ń tóbi ju èkejì lọ, ibi tí ẹ̀kọ́ gan-an wà sì nìyẹn. Bí apá méjèèjì kò bá dọ́gba, kò sí èyí tó jẹ́ ìdajì nínú wọn. Ọmọdé tó ń sọ pé “ìdajì ńlá ni tèmi” kò tíì mọ ohun tí ìdajì jẹ́. Kò sí ìdajì ńlá, kò sì sí ìdajì kékeré, bí ó bá ti jẹ́ láti ara nǹkan kan náà.

Láti ara nǹkan kan náà: gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò. Ìdajì iṣu ńlá ju ìdajì iṣu kékeré lọ, gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọmọ máa béèrè nígbà gbogbo pé, “Ìdajì kí ni?” Iṣu tún ní ọgbọ́n mìíràn nínú. Bí ẹ bá fi okùn wọ̀n ọ́n, tí ẹ gé e ní àárín gbùngbùn, orí iṣu àti ìdí iṣu kò ní tẹ̀wọ̀n bákan náà. Ìdajì ní gígùn kì í ṣe ìdajì ní ìwúwo. Ìyá tó ń tà á ní ọjà ti mọ èyí tipẹ́, òun ni kì í fi í gé e ní àárín fún oníbàárà.

Búrẹ́dì náà dára. Ẹ gé ọ̀kan ní ìbú, ẹ gé èkejì tó tóbi bákan náà ní òòró. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pé èyí tó gùn ló pọ̀ jù. Ẹ má yára sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, kí ó tò wọ́n, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Lẹ́yìn èyí ni bébà. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ká a lẹ́ẹ̀kan, apá méjì. Ká a lẹ́ẹ̀kejì, apá mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́jọ. Kí ọmọ tú u, kí ó fi èédú kun apá méjì nínú mẹ́rin, kí ó wá wò ó pé ìdajì bébà náà gan-an ló kùn. Lọ́jọ́ yẹn ló mọ̀ pé ìdá méjì nínú mẹ́rin àti ìdajì, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹni tó sì mọ èyí ní kékeré kò ní bẹ̀rù ìdá ríròpọ̀ ní kíláàsì kẹrin.

Ní ti gàrí, kóńgò ni olùkọ́. Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ní ọjà ti ń gbọ́ ààbọ̀ kóńgò lójoojúmọ́. Kí ìyá fún un ní agolo kékeré kan, kí ó bu ún títí kóńgò yóò fi kún. Bí ó bá jẹ́ agolo mẹ́jọ, kí ó sọ iye tí yóò wà nínú ààbọ̀ kóńgò kí ó tó bù ú, kí ó sì sọ ti ìdámẹ́rin. Kí wọ́n wá mú abọ́ tó fẹ̀ lẹ́nu tó sì kéré nídìí, kí wọ́n bu gàrí dé àárín gíga rẹ̀. Kò ní tó ìdajì abọ́ náà rárá, nítorí pé òkè ló gba púpọ̀. Àgbàlagbà púpọ̀ ni yóò kọ háà níbẹ̀.

Ìdajì ohun kan àti ìdajì ohun púpọ̀ tún yàtọ̀ lójú ọmọ. Ó lè gé ọsàn kan sí méjì láìṣì, kí ẹ wá kó ọsàn méjìlá síwájú rẹ̀, kí ẹ ní kí ó fún yín ní ìdámẹ́rin, kí ó dúró máa wò. Kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin bí ìgbà tó ń pín in fún èèyàn mẹ́rin, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, títí yóò fi tán. Mẹ́ta ni yóò bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ebè nínú oko ṣe é lò bẹ́ẹ̀ náà: bí ebè bá jẹ́ ogún, tí bàbá ní kí wọ́n ro ìdámẹ́rin rẹ̀ kí oòrùn tó mú, mélòó nìyẹn?

Àmì 1/2 àti 1/4 ni kí ó kẹ́yìn. Ẹnu ṣáájú, ọwọ́ tẹ̀lé e, àwòrán tẹ̀lé ọwọ́, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń ti ẹ̀yìn wọ inú ilé náà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn nìkan. Ẹni tó ní ọmọ bíi àádọ́ta nínú kíláàsì kan, kò lè rí obì tó tó gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ ìdá kì í parí sí ilé ìwé. Ní Ẹgbẹ́dá àti Lágelú, níbi tí oko ti ń di ilé lójoojúmọ́, ìdajì pulọ́ọ̀tì ti di ọjà. Ká sọ pé pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 100 ní òòró, 5,000 ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 50 sí 50, ìyẹn 2,500. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun pín ìbú sí méjì, òun sì pín òòró sí méjì, 25 sí 50 ni yóò wọ̀n fún oníbàárà, 1,250 péré. Ìdámẹ́rin ni, owó ìdajì ló gbà. Ọmọ tó ti ká bébà lẹ́ẹ̀kan ní òòró, lẹ́ẹ̀kan ní ìbú, tó sì rí apá mẹ́rin, kò sí ẹni tó lè ṣe èyí fún un.

Ti ogún tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Súbérù Dáwódù, ará Èkó, kú ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìbéèrè tó gbé ẹbí rẹ̀ dé kóòtù kò ju èyí lọ: ṣé ìdámẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí ni tàbí ìdámẹ́sàn-án? Bí ó bá jẹ́ orí-òjorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan yóò mú ìdá kan nínú mẹ́rin, àwọn ọmọ ìyá kan náà yóò wá pín tiwọn. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-òjorí. Ilé ẹjọ́ gíga ti àpapọ̀ yí i padà sí ìdí-igi ní 1958, ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1962. Ọmọ tó bá dá nìkan wà nídìí ìyá rẹ̀ nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ yóò mú ìdámẹ́rin odindi, èyí tó ju ìlọ́po méjì ìdámẹ́sàn-án lọ.

Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, Súrà kẹrin nínú Kùránì ka ìpín náà lẹ́sẹẹsẹ: ìdajì, ìdámẹ́rin, ìdámẹ́jọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́fà. Bí ọkọ bá kú tó fi ọmọ sílẹ̀, ìdámẹ́jọ ni ti ìyàwó. Bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́rin, ìdámẹ́jọ kan náà ni wọn yóò pín láàárín ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì mú ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Opó tí kò mọ bí wọ́n ṣe dé iye yìí kò ní mọ̀ bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Ìdámẹ́wàá ti àwọn Onígbàgbọ́ rọrùn sí i, ẹ̀wá ni wọ́n sáà pín in sí.

Ìdá tó le jù fún ọwọ́ ọmọdé ni ìdámẹ́ta. Ojú lè mọ àárín nǹkan, ojú kì í tètè mọ ibi tí ẹ̀ta ti já. Okùn ni ó dára fún un: kí ọmọ ká okùn kan sí ìlọ́po mẹ́ta, kí ó máa fà á títí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi gùn bákan náà, kí ó wá fi sàmì sára ìrèké tàbí bébà. Ti owó kò tilẹ̀ ṣe é ká bí okùn. Bí àbúrò ìyá bá wá láti ìgboro, tó fún ọmọ mẹ́ta ní ẹgbẹ̀rún náírà kan pé kí wọ́n pín in dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mú náírà 333 àti kọ́bọ̀ 33, kọ́bọ̀ kan yóò sì ṣẹ́kù. Kò sí ọjà tí ẹnikẹ́ni ti ń gba kọ́bọ̀ mọ́, nítorí náà 333 ni wọn yóò mú, náírà kan yóò sì wà nílẹ̀. Àbúrò ló pín in, ẹ̀gbọ́n ti mú tirẹ̀. Ó kù kí wọ́n bá ara wọn sọ ẹni tó ni náírà kan yẹn.